Àyẹ̀wò jíìnì jẹjẹrẹ ní Àkúrẹ́: èsì tí ó ní kí a má ra oògùn

Nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oǹdó, tún yọjú nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, dókítà sọ fún wa pé oògùn kan wà tí ń jẹ́ cetuximab, tí wọ́n máa ń fà sí ara aláìsàn pẹ̀lú kẹ́mò (oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ), ṣùgbọ́n òun kò ní kọ ọ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yẹ jíìnì inú kókó jẹjẹrẹ náà wò. Inú bí wa díẹ̀. Owó tí ilé àyẹ̀wò kan ní Alágbàká, tí ó ń bá ènìyàn fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, ní kí a san kò jìnnà sí owó ọ̀kadà tuntun.

Cetuximab a máa ti ilẹ̀kùn kan lára sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ń jẹ́ EGFR, kí àṣẹ tí ń mú jẹjẹrẹ pọ̀ sí i má baà rí ọ̀nà wọlé. Bí jíìnì KRAS bá ti yí padà, ẹni tí ń pàṣẹ ti wà nínú ilé nìyẹn. Títi ilẹ̀kùn kò lè mú un dákẹ́. Nínú 100 ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ó tó bí 40 tí ọ̀rọ̀ tiwọn rí bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2009 sì ni àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti sọ pé òun kò dámọ̀ràn fífún irú wọn ní oògùn náà. Fífi jíìnì yan oògùn kì í ṣe ohun àjèjì ní ẹkùn wa: ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún àwọn tí jíìnì BCR-ABL fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún ní imatinib, oògùn tí ń dènà iṣẹ́ jíìnì náà.

Ibi tí ilé àyẹ̀wò náà ti já mi kulẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí mo gbé lọ, ègé ẹran tí kò ju èékánná lọ nínú ìda funfun, ni ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ gbà, ó kọ rìsíìtì, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n tó sọ pé èsì kò jáde, nítorí pé jíìnì inú rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹran náà fi wà nínú fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ó ju wákàtí 72 lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí káńtà ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ẹni tí ó bá sì ti tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ rí mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ́.

Wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ mú ègé mìíràn nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: wọn kò gba owó kejì, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ara ìgò. Èsì dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ojú ewé mẹ́fà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n nà sí mi bí ẹni ń pín bíìlì iná, láìsí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni dókítà wò: KRAS G12D, ìyẹn ni pé jíìnì KRAS ti yí padà. A kò ní ra cetuximab.

Ìyá Oǹdó kò béèrè nípa oògùn rárá. Ohun tí ó bi dókítà ni pé, “Ṣé mo ti fi ran àwọn ọmọ mi ni?” Dókítà fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé inú kókó náà ni ìyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀, pé wọn kò bí i mọ́ ọn, àti pé àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ ni ti èyí tí ń bá ìdílé rìn. Èmi ì bá fẹ́ kí ilé àyẹ̀wò náà ní ẹni tí ó lè dáhùn irú ìbéèrè yẹn.

Nínú márùn-ún, mo fún àyẹ̀wò náà ní márùn-ún, mo sì fún àwọn tí ó bá wa ṣe é ní mẹ́ta. Kẹ́mò nìkan ni Ìyá Oǹdó ń gbà báyìí, owó tí a ti ń tu jọ fún cetuximab ni a sì fi ń san án. Ẹ rí i pé ẹ béèrè fún búlọ́ọ̀kù yín padà, nítorí pé ó lè wúlò fún àyẹ̀wò mìíràn. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti lọ béèrè tiwa, wọ́n ṣì ń sọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà.