Àwọ̀ jẹ́ẹ̀lì fún kúkì Kérésì: bí mo ṣe rí i lẹ́yìn ọdún méjì

Kérésì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú kúkì aláwọ̀ mèremère nílé wa ní Ìbàdàn. Àwọ̀ olómi inú ìgò kékeré, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ni mo lò. Áísìn, ìyẹn ṣúgà lúbúlúbú tí a pò láti fi bo ojú kúkì, tí mo fẹ́ kó pupa fòò, pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń ṣe. Mo dà sí i, mo tún dà sí i. Bó ṣe ń pọ́n sí i náà ló ń ṣàn sí i. Nígbà tí pupa yẹn fi máa sún mọ́ èyí tí mo ń wá, áísìn ti di omi, ó ń ti orí kúkì ṣàn sórí tábìlì, àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ó dùn mí gan-an, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni mo ti ṣèlérí ìràwọ̀ pupa àti igi Kérésì fún wọn.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester ló ní kí n jáwọ́ nínú àwọ̀ olómi. Ó fi páálí àwọ̀ jẹ́ẹ̀lì kan ránṣẹ́ sí mi. Ìgò 12 ló wà nínú rẹ̀, ìgò kọ̀ọ̀kan ò sì ju àtàǹpàkò lọ. Mo ti lò ó fún Kérésì méjì àti Àjíǹde kan. Ẹni tó bá ń kánjú, èsì mi ni pé kó rà á. Ẹni tó bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Omi ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Omi ló pọ̀ jù nínú àwọ̀ olómi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, áísìn tí a fi ṣúgà lúbúlúbú ṣe kì í gba omi púpọ̀ kó tó dojú rú. Jẹ́ẹ̀lì ki, àwọ̀ rẹ̀ sì le. Igi ìtayín ni mo fi ń mú un: màá kì í bọ inú ìgò, màá fi ro áísìn, màá wò ó kí n tó tún mú òmíràn. Ẹ má fún un láti ẹnu ìgò tààrà. Ẹ̀kán kan péré tó ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yọ ọ́ kúrò mọ́ àfi kí ẹ ṣe áísìn mìíràn sí i.

Kúkì fúnra rẹ̀ ò le ṣe. Bọ́tà gíráàmù 225, ṣúgà 200, ẹyin kan, fúláwà 375, fànílà ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ díẹ̀. Mi ò fi páódà tó ń mú nǹkan wú sí i, nítorí ó máa ń sọ ẹnu igun ìràwọ̀ di róbótó. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ gbé e sí fìríìjì fún wákàtí kan, torí bọ́tà ò pẹ́ yọ́ lọ́sàn-án Ìbàdàn, àní nígbà ọyẹ́ pàápàá. Lọ́dún tó kọjá iná lọ, inú kúlà tó ní yìnyín ni mo gbé e sí, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ófùn onígáàsì mi, mo máa ń gbé e sí 180°C, ìṣẹ́jú 8 sí 10, mo sì máa ń yọ wọ́n nígbà tí etí wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pọ́n. Kúkì tó bá ti pọ́n jù máa ń mú kí áísìn funfun dà bí ohun tó dọ̀tí.

Fún áísìn, ṣúgà lúbúlúbú gíráàmù 500, meringue powder ṣíbí ńlá 3, omi ṣíbí ńlá 5 tàbí 6. Funfun ẹyin gbígbẹ ló wà nínú meringue powder yẹn, mo sì fẹ́ ẹ ju ẹyin tútù lọ nítorí àwọn ọmọdé tó máa jẹ ẹ́. Ẹ fa ọbẹ kọjá láàárín áísìn: tí ojú rẹ̀ bá padà pa pọ̀ kí ẹ tó ka ẹẹ́wàá tán, ó ti tó láti fi kún inú kúkì. Èyí tí a máa fi fa ìlà etí gbọ́dọ̀ ki jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí àwọ̀ pupa. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo rò pé jẹ́ẹ̀lì náà ò dáa, torí lẹ́yìn tí mo rò ó, pupa òdòdó ló ṣì jẹ́. Mo fi nǹkan bò ó, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, ó ti pupa bí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti fẹ́ rọ́ kún un lálẹ́! Àwọ̀ máa ń jinlẹ̀ sí i bó bá ṣe ń pẹ́. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ro pupa àti dúdú sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá lè dúró, tó ń rọ́ jẹ́ẹ̀lì pupa kún un ṣáá, á tọ́ ọ wò: ó máa ń korò lẹ́nu. Ní ti dúdú, mo kọ́kọ́ máa ń fi ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí kan sọ áísìn di àwọ̀ ilẹ̀, ìwọ̀nba jẹ́ẹ̀lì dúdú ló sì kù tí mo máa fi parí rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn. Àwa ará Ìbàdàn, owó kòkó la fi kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní 1965, ó sì tọ́ kí kòkó wà nínú kúkì wa.

Ojú ọjọ́ tún ní ipa tirẹ̀. Ní Kérésì, ọyẹ́ ń gbẹ áísìn fún wa. Mo fi funfun sílẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ kangbẹ, mo kọ ìlà pupa lé e lórí, kò sì ràn. Nígbà Àjíǹde, òjò ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ṣúgà sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ilẹ̀ mọ́ tán, áísìn ṣì rọ̀, pupa ràn wọ inú funfun. Jẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ṣe é.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan páálí yìí gan-an ni pé elésè-àlùkò rẹ̀ ò dúró. Kúkì tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọ̀ wọn ti ṣá, ó ti ń lọ sí ti aró. Ẹnu ìgò náà máa ń dí bí ẹ ò bá nù ún. Aṣọ tábìlì mi kan ṣì ní àmì àwọ̀ ewé títí dòní.

Nǹkan mìíràn wà lára páálí náà tó yẹ kí òbí kà. E102, E110 àti E129, ìyẹn nọ́ńbà àwọn àwọ̀ oúnjẹ àtọwọ́dá kan, ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé wọ́n lè da ìṣesí àti ìfọkànsí ọmọdé láàmú. Ní 2007 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Southampton gbé ìwádìí jáde lórí àdàlù irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, láti 2010 sì ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ náà. Mi ò tìtorí ẹ̀ dá kúkì dúró, ṣùgbọ́n ẹyọ méjì ni ọmọ kan ń jẹ lójúmọ́ nílé mi. Fún èyí tó kéré jù, mo se ìṣápá títí ó fi ki, mo fi rọ́pò omi áísìn. Ó pupa dáadáa, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ ọn. Ìgò tí wọ́n tún jẹ́ẹ̀lì rọ sí lọ́jà, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò ní rà á láé.

Ohun tí a kọ sára páálí tún ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Kérésì. Mo gbé tiwọn lọ fún Àlájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, torí wọn kì í gbàgbé wa nígbà Iléyá. Wọ́n gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun o. Kò sí ọtí nínú àwọ̀ ẹ̀, àbí?" Mo ti kà á: glycerine, omi tó ki tí wọ́n yọ lára òróró ewéko, ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ọtí, kò sí ohun tó ti ara ẹran wá. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ kan ni wọ́n jẹ níbẹ̀ lójú mi.

Ìgò pupa ti tán, ti àwọ̀ ewé ti ku díẹ̀, àwọn yòókù ò tíì dé ìdajì. Mo ti ní kí àbúrò mi ra ìgò pupa méjì péré fún mi, kó má ra páálí.