Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́-Ilé: ọjọ́ kan nínú Old Oyo National Park

Àwa mẹ́fà la lọ sí Old Oyo National Park, igbó ẹranko ìjọba tí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, wà nínú rẹ̀: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé ìbọn kọ́. Nítorí tiwọn ni mo ṣe náwó náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ bí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá ṣe gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, lọ fún Aláàfin, tí ìlú wa fi gba orúkọ tó ń jẹ́ dòní, ibi kan náà ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí: "Ẹsẹ̀ tèmi ò tíì tẹ Ọ̀yọ́-Ilé."

Kí ẹni tó bá ń retí àgò àti irin tètè mọ̀ pé kò sí wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn rí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 nítorí ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì di ọgbà tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní 1974. Lọ́hùn-ún, wàá dúró síwájú kìnnìún, wàá wò ó títí ojú á fi kún. Níbí, ìwọ lo máa wá ẹran lọ sílé rẹ̀, ilé náà sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Àbíkẹ́yìn mi bi ẹ̀ṣọ́ tó mú wa kiri pé, "Ọ̀gá, ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ba, ó já ewé koríko kan lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ koríko yìí ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló yà mí lẹ́nu jù. Apá kan igbó tí a gbà kọjá ti jóná, ilẹ̀ dúdú, ewé tuntun sì ti ń yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀fọ́. Mo rò pé àwọn apẹran ló dáná sí i. Ẹ̀ṣọ́ ní rárá, àwọn fúnra àwọn ni. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí koríko kò tíì gbẹ tán, wọ́n á rọra ti iná bọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n fẹ́. Iná àkókò yẹn kò lágbára, kò lè pa igi kéékèèké. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi mú, ẹnikẹ́ni tó bá ju sìgá sílẹ̀ lè sun gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹran tí kò tíì lè sáré. Ewé tútù tó ń yọ lẹ́yìn iná yẹn ni ẹran ń jẹ nígbà tí ibi yòókù ti gbẹ. Bàbá Ọdẹ mi orí. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn làwọn fi ń dúró de ẹran nídìí ewé tútù náà.

Orí ewé yẹn náà la ti rí àwọn kob, ẹran pupa bíi àgbọ̀nrín tí ìwo akọ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Mo ka mọ́kànlá. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò wá, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Bàbá Ọdẹ bẹ̀rẹ̀ ìjálá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ èémí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mira. Lẹ́yìn èyí la rí ìjímèrè tó ń sáré nílẹ̀ẹ́lẹ̀, awó lọ́pọ̀ yanturu, àti ìmàdò kan pẹ̀lú ọmọ. Ẹfọ̀n? Ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ létí omi la rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní owó àwọn ṣòfò nìyẹn. Mi ò gbà. Ẹsẹ̀ ẹfọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tí omi ṣì ń sun sínú rẹ̀, kò sí nínú ọgbà alágò kankan.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣọ́ igbó yìí. Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ pààlà sí apá tó ń jẹ́ Upper Ogun, ti Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀lé e ní 1941. Igbó ọba lásán ni wọ́n nígbà yẹn. Ní 1952 ni ẹranko wọ inú òfin, ní 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà tó jẹ́ lónìí. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń rìn ín lóru àti lọ́sàn-án, nítorí apẹran, agégi, àti màlúù tí wọ́n ń dà wọlé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú la dé àwókù ìlú náà. Odi rẹ̀ ṣì wà, ó ti di òkìtì gígùn tí igi bò, yàrà jíjìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igi oṣè dúró káàkiri níbi tí agbo ilé wà rí. Ogun ló tú ìlú náà ní nǹkan bí 1835, tí Aláàfin Àtìbà fi tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Látìgbà náà, ẹran ló ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ ti sọ ìtàn Aláàfin Abípa fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ọba náà fẹ́ kó láti Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ kó abuké àti àfín lọ sínú ahoro yẹn kí wọ́n máa ké bí iwin. Ọba rán ọdẹ lọ, ọdẹ mú gbogbo wọn wálé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Ẹ̀ṣọ́ wa gbọ́ ọ títí dópin, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa tún un sọ nígbà tí àlejò mìíràn bá dé."

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan wà, kò sì kan ọgbà náà rárá. Ẹni tó ṣètò ọkọ̀ fún wa nílé ṣèlérí ọkọ̀ tó lè wọ igbó. Bọ́ọ̀sì kékeré tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán ló gbé wá. A kọjá Ìkòyí láìséwu, a dé Ìgbẹ́tì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ìgbẹ́tì a rì sínú iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí méjì àárọ̀ sì lọ bẹ́ẹ̀, àkókò tí ẹran ń jẹun gan-an. Ẹ má gba ọwọ́ alágbàtà. Ẹ lọ sí olú ilé iṣẹ́ ọgbà náà ní Ìṣokùn, nílùú Ọ̀yọ́, kí ẹ bá wọn sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ àti irú ọkọ̀ tí ẹ ní. Bí ẹ bá ráyè, ẹ fi ọjọ́ kejì kún un fún Ìgbòho, níbi tí sàréè Aláàfin mẹ́rin wà. Àwa ò ráyè débẹ̀. Oṣù Kejì la lọ, mo sì fọwọ́ sí i: omi ti dínkù, koríko kò ga. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ gbé omi tó pọ̀.

Nígbà tí a ń jáde, ọmọ mi àgbà mú àpáàdì kan nínú yàrà, ó fẹ́ fi sápò. Bàbá Ọdẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ tó sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá a padà sí ojú ibi tí ó wà gan-an, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó díẹ̀.