Ṣọ́ọ̀bù dáwúnlóòdù géèmù ní Yaba: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má fún wọn ní PIN yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá géèmù orí fóònù, ẹ mọ wàhálà ọjọ́ tí update bá jáde. O tan géèmù, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ti wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè ẹ́, ó ní kó o kọ́kọ́ dáwúnlóòdù nǹkan tó lé ní gíìgì kan, dátà tó kù lọ́wọ́ ẹ ò tó ìdajì ẹ̀, ńẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, nǹkan tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Wọ́n á bá ẹ dáwúnlóòdù géèmù àti gbogbo ẹrù ẹ̀ sórí fóònù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ wọ́n á wá ṣe ìdíje níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Tejúoṣó ló wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọ Yabatech àti Unilag ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá wọn rò nísàlẹ̀, ẹni tó bá mọ Yaba á mọ̀ wọ́n.

Kì í ṣe pé ńẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yára ju ti gbogbo ayé lọ o. Ètò wọn ni mo gbádùn. Sísí kan ló ń mójú tó ibẹ̀, Àǹtí ni gbogbo àwọn ọmọ yẹn ń pè é. Tó o bá gbé fóònù dé, ààyè tó kù nínú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Á ya téèpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á kọ orúkọ ẹ sí i, orúkọ géèmù, iye gíìgì tó ṣófo, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Tí ààyè ò bá tó, kò ní gbowó ẹ, á ní kó o lọ pa àwọn fídíò WhatsApp ẹ rẹ́ kó o padà wá. Ọmọkùnrin kan ń bínú níwájú mi nítorí ìyẹn, àmọ́ òótọ́ ni Àǹtí ń sọ, géèmù tí dáwúnlóòdù ẹ̀ jẹ́ gíìgì méjì lè fẹ́ ààyè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń tú ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, tí ààyè bá sì tán lójú ọ̀nà ibẹ̀ náà ló máa kú sí.

Fóònù márùn-ún péré ló máa ń so mọ́ router kan, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á tò sórí pákó. Mo bi í pé kí ló dé tí ò so gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wọn bá jọ ń fà á, kò séyìí tó máa tètè parí, tí wọ́n bá wá múná lọ ńkọ́? Gbogbo wọn ló máa wà ní ìdajì." Ọwọ́ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ń ra ńẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ní látìgbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já lóṣù kẹta 2024 lòun ti gbọ́n.

Mo sọ fún un pé nǹkan tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe gan-an ló ń ṣe yẹn. Lórí Play Store, ẹni tó ni áàpù lè ní kí update kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ń lò ó, kó wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, ó wà lára ìdí tí update fi lè dé sórí fóònù ọ̀rẹ́ ẹ lónìí kí tìẹ di ọ̀tunla. Lóṣù kẹrin 2020 tí Travis Scott, olórin Amẹ́ríkà, kọrin nínú géèmù Fortnite, àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 12 ló wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ìgbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi àwòrán àti ohùn ránṣẹ́ sí kálukú, ta ló máa rí i wò? Wọ́n ti kó o sínú update tó ṣáájú, ó ti jókòó sórí ẹ̀rọ àwọn èèyàn, ó ku kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ni.

Géèmù tó ń lọ lọ́wọ́ fúnra ẹ̀ kì í jẹ dátà púpọ̀. Máàpù, ìbọn, aṣọ, ariwo, gbogbo ẹ̀ ti wà lórí fóònù. Nǹkan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìwọ àti server, kọ̀ǹpútà àwọn tó ni géèmù, ò ju ibi tó o dúró sí, ibi tó o kọjú sí, o ti yìnbọn, wọ́n ti yìn ẹ́. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé lásìkò. Nínú géèmù ìbọn bíi PUBG Mobile, èèyàn 100 ló ń wà nínú máàpù kan, ti Free Fire, 50, tí ẹnì kan nínú yàrá bá wá ń fa update lórí Wi-Fi kan náà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni tìẹ máa tò sí, o máa ti kú kó o tó rí ẹni tó pa ẹ́. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi máa ń pa password Wi-Fi dà tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, á tún ní kí kálukú ṣí Play Store níwájú òun kó pa auto-update, èyí tó máa ń jẹ́ kí áàpù fa update fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti wáyà tí wọ́n fi ń kó ẹrù géèmù sórí fóònù. Tẹ́lẹ̀, Xender, áàpù tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, la fi ń kó fólídà obb, ibi tí ẹrù géèmù máa ń wà, látorí fóònù kan sí òmíràn, àmọ́ látìgbà tí Android 11 ti dé ní 2020 wọn ò jẹ́ kí áàpù kàn máa wọ fólídà yẹn bó ṣe wù ú mọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi wáyà so fóònù mọ́ níbẹ̀ kí wọ́n lè kó ẹrù náà sínú ẹ̀, fún àwọn géèmù tó bá ṣeé ṣe, tó o bá wá tan géèmù á yẹ fáìlì wò fúnra ẹ̀, èyí tí ò bá pé nìkan ló máa fà.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Ọmọkùnrin tó ń ran Àǹtí lọ́wọ́ ní kí n kọ PIN fóònù mi sórí téèpù. Sórí téèpù, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á máa kà á, áàpù báńkì mi sì wà nínú ẹ̀! Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ṣe app pinning, ó wà nínú settings Android, tó ń so fóònù mọ́ áàpù kan ṣoṣo títí o fi máa tẹ PIN ẹ, mo sì jókòó tì í. Owó wọn náà ò dúró lójú kan: Àǹtí gba ₦500 fún géèmù tí ò ju gíìgì méjì lọ, ọmọkùnrin yẹn ní ₦800, kò sí bọ́ọ̀dù kankan lára ògiri tó o lè nawọ́ sí. Lóòótọ́ dátà ti wọ́n látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ ńẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti fọwọ́ sí i lóṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ náà lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó, ₦800 náà ṣì lè dín sí iye tó o máa fi ra dátà fúnra ẹ, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ká rí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìdíje. Aago mẹ́fà ni wọ́n pè é, kò bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́jọ fi fẹ́ẹ̀ lù, torí oníbàárà ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù tí wọn ò tíì update dé, Àǹtí tó ń lé àwọn ọmọ iléèwé padà sì fún un ní password. Nígbà tó yá wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀, tiẹ̀ ò tíì parí o, ńṣe ni gbogbo wa ń fò láti ibì kan sí ibòmíì nínú máàpù bí iwin. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gba ojú wíńdò wọlé, fáànù kan ṣoṣo ló wà, àwọn router ni wọ́n kọjú ẹ̀ sí.

Síbẹ̀ màá fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọjọ́ Tuesday tàbí Wẹsidé ni kẹ́ ẹ gbé fóònù lọ, ẹ mú ṣájà yín dání, ẹ bi Àǹtí fúnra ẹ̀ ní iye owó kẹ́ ẹ tó yọ kóbọ̀. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday. Ẹ̀yin oní-iPhone, ti wáyà yẹn ò kàn yín, Wi-Fi wọn nìkan lẹ máa sanwó fún.