Mo kọ́ èdè Indonéṣíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ kó tó sanwó

BIPA ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ èdè Indonéṣíà tí wọ́n ṣètò fún àjèjì. Ìpele méje ni, láti BIPA 1 dé BIPA 7, àwọn yunifásítì wọn sì ń kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpele àkọ́kọ́ ni mo ṣe, lọ́dọ̀ yunifásítì kan ní erékùṣù Java. Mi ò kábàámọ̀ owó tí mo san. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá gbà kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún yín ní kíláàsì.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gírámà, ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ohun tí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Wọ́n ní "dia" lè jẹ́ ọkùnrin, ó sì lè jẹ́ obìnrin. Ṣebí bí "ó" tiwa ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ní ohun tí èèyàn ní ló ń ṣáájú ẹni tó ni ín: "rumah saya", ilé mi, "buku guru", ìwé olùkọ́. Ẹ má wulẹ̀ gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé yín, kí ẹ kọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Saya sudah makan": mo ti jẹun. "Saya sedang makan": mò ń jẹun. "Saya akan makan": màá jẹun. "Saya belum makan": mi ò tíì jẹun. Kálukú bọ́ sí àyè rẹ̀. "Belum" yìí ló fún àwọn ará Yúróòpù tí a jọ wà ní kíláàsì ní wàhálà jù. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o ti ṣègbéyàwó, tí o kò sì tíì ṣe é, "tidak", ìyẹn rárá, kọ́ ni ìdáhùn tó bójú mu, "belum" ni. Ta ni wọ́n á bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé wa tí yóò ní rárá?

Ó níbi tó le o. "Awa" kan ṣoṣo la ní, méjì ni wọ́n ní: "kita" bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá wà nínú wa, "kami" bí kò bá sí níbẹ̀. "Me-" tí wọ́n ń fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: "tulis", ìyẹn kọ̀wé, á di "menulis", "kirim" á di "mengirim", "sapu" á di "menyapu", ṣùgbọ́n "baca" á di "membaca" láìsọ ohunkóhun nù. Ẹni tó bá ń wá "menulis" lábẹ́ M nínú ìwé atúmọ̀ èdè máa ṣe làálàá lásán, abẹ́ "tulis" ló wà. Ẹ lo KBBI, ìwé atúmọ̀ èdè ìjọba wọn. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì ṣọ́ ìparí ọ̀rọ̀, torí ahọ́n wa máa ń fẹ́ fi fáwẹ́lì kún "minum" àti "empat".

Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ibu, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. "Anda" ni ìwé fi kọ́ wa gẹ́gẹ́ bí "ẹ", ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé bí a bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, Ibu, ìyẹn ìyá, tàbí Bapak, ìyẹn bàbá, ni ká fi rọ́pò rẹ̀, ká má sì dá a láṣà láti pe àgbà ní "kamu", tó dà bí "ìwọ" tiwa. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí a fi fúnni ní nǹkan. Kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ àṣà ni mo gbádùn jù. Ó fi canting hàn wá, irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń fi ìda yíyọ́ ya àwòrán sórí aṣọ batik kí aró má baà dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ gan-an nìyẹn! Láti ara batik yìí sì ni àǹkárá wa ti wá: àwọn ará Holland tó jọba lé Java lórí fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọjà rẹ̀ sì ti tà. Ní 2009, UNESCO fi batik sára ogún ìran ènìyàn.

Ó tún kọ́ wa nípa ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1928, tí àwọn ọ̀dọ́ búra pé èdè kan ṣoṣo ni àwọn máa gbé ga gẹ́gẹ́ bí èdè ìṣọ̀kan. Orílẹ̀-èdè tó ní èdè tó lé ní 700 ni o. Àwọn Java ló pọ̀ jù, síbẹ̀ èdè tiwọn kọ́ ni wọ́n mú. Èdè Malay tí wọ́n fi ń ṣòwò láti èbúté dé èbúté ni, òun ni wọ́n sọ ní èdè Indonéṣíà. Mo ronú lórí èyí pẹ́, ọmọ Nàìjíríà ni mí.

Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé èdè ìwé nìkan ni wọ́n kọ́ wa. Bí ẹ bá bá ará Jakarta sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, "tidak" ti di "nggak", "sudah" ti di "udah", "bagaimana" ti di "gimana". Ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa bá tàkúrọ̀sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aago méje alẹ́ tiwọn ni kíláàsì wa, aago kan ọ̀sán tiwa nìyẹn, ó sì ṣòro fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Fídíò kíláàsì tí wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́ máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ béèrè nípa ìyẹn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wà ní kíláàsì.

Ẹni tó kàn fẹ́ lọ ṣeré ní Bali kò nílò yunifásítì. Ẹni tó fẹ́ máa ka ìwé ìròyìn wọn, tàbí tó ń wo ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Darmasiswa tí ìjọba wọn ń fún àjèjì, kó lọ ṣe é. Èmi ti forúkọ sílẹ̀ fún BIPA 2.