Àgbéyẹ̀wò Ìkunra Tó Ṣeé Jẹ fún Èso Tí A Ti Ká

Lẹ́búlẹ́bú kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a máa ń pò mọ́ omi láti fi kun ara èso lẹ́yìn ìkórè, kí ó má baà tètè rọ. E471 ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń rí láti ara epo, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ti ń lò tipẹ́. Kò ní òórùn, n kò sì mọ adùn kankan tí ó fi kún èso.

Máńgòrò ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo pín àwọn tí a ká lọ́jọ́ kan náà sí ọ̀nà méjì, mo kun apá kan, mo fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kó gbogbo wọn síbì kan náà. Ìdí èso, níbi tí ó ti já lára igi, ni ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ hàn: èèpo èyí tí n kò kùn ti ń hunjọ, nígbà tí ti èkejì ṣì le, tí ó sì ń dán díẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀. Èso tí a ká ṣì wà láàyè. Ó ń fa ọ́síjìn símú, omi ara rẹ̀ sì ń gba ojú èèpo gbẹ lọ. Ìkunra náà dín méjèèjì kù, ó sì dín ẹ́tílíìnì kù pẹ̀lú, gáàsì tí ń mú èso pọ́n, nítorí pé èso kò lè ṣe é láìsí ọ́síjìn.

Lára tòmátò, ojú ibi tí ìdí rẹ̀ ti já ni ó ń gbà mí jù, nítorí náà bí ìkunra kò bá kan ibẹ̀, asán ni iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí.

Pípò rẹ̀ ni ó gba sùúrù, ìwé ìlànà inú páálí kò sì ran ènìyàn lọ́wọ́ rárá. Kò sọ pé kí èso mọ́, kí ó sì gbẹ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí a tẹ́ wọn sórí asẹ́ níwájú fáànù lẹ́yìn náà, kí wọ́n má fara kanra. Mo mọ̀ọ́mọ̀ po díẹ̀ kí ó ki láti wo ohun tí yóò ṣe: ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo kì bọ̀ ọ́ funfun bí ìgbà tí ọṣẹ gbẹ síni lára, èèpo rẹ̀ kọ̀ láti pọ́n, inú rẹ̀ sì ti rọ̀, ó ń rùn bí ọtí. Èso tí kò rí atẹ́gùn mí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún máńgòrò, màá tún un rà. Fún ọsàn tí wọ́n ti fi ìda pa lára kí ó tó délé, n kò rí ìdí rẹ̀. Kì í wo èso tí ó ti ń bu sàn, kò sì gba máńgòrò lọ́wọ́ òtútù tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 13°C lọ.

Omi lásán kì í ṣàn án kúrò bọ̀rọ̀, torí náà ó yẹ kí ẹni tó ń jẹ èso tèèpo-tèèpo mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Káítósàn, tí wọ́n sábà máa ń rí láti ara èèpo edé àti alákàn, ni wọ́n fi ń ṣe irú ìkunra mìíràn. Kí ẹni tí edé kò bá lára mu ka ẹ̀yìn páálí dáadáa kí ó tó sanwó.