Aago aláàmù orí tábìlì fún ẹni tó ń darí èèyàn

Aago kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà wúlò fún ọ̀gá iléèwé tàbí alága ẹgbẹ́ ju fóònù lọ. Tí fóònù bá jí ọ̀gá láago márùn-ún ìdájí, kó tó pa á, ẹjọ́ ti kún orí WhatsApp. Ìbínú ẹjọ́ yẹn ló máa gbé wọ ìpàdé.

Bátìrì AA kan ṣoṣo ló ń lò. Ibi tí ọfà ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ni kẹ́ ẹ máa yí ọwọ́ aláàmù sí. Tẹ́ ẹ bá fipá yí i sódì, eyín inú rẹ̀ lè yẹ̀. Wákàtí 12 péré ló mọ̀: tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti pa á, á tún dún nírọ̀lẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, kó di dandan kẹ́ ẹ dìde. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fàmì sí èyí tí igbákejì yín lè ṣe. Kí fóònù wà ní pálọ̀ títí di 5:40.

Àléébù rẹ̀? Ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lóru, ẹni tí oorun rẹ̀ fẹ́lẹ́ kò ní gbádùn rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìdérí bátìrì wò. Bí irin ibẹ̀ bá ti dógùn-ún, ẹ mú òmíì.