Dríìpù èròjà irin ní Ifẹ̀ àti Iléṣà: Venofer àbí Ferinject?

Oògùn méjì la fẹ́ yẹ̀ wò: Venofer, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní iron sucrose, àti Ferinject, tí í ṣe ferric carboxymaltose. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gba inú iṣan gbé irin wọ ara ẹni tí àìtó irin sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di kékeré. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye tí ara lè gbà ní ìjókòó kan. Òun ló sì yẹ kó pinnu èyí tí ẹ máa rà, ju iye owó tí wọ́n pe páálí lọ.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Obìnrin kan wọn kílò 60, hemoglobin rẹ̀ (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 8, ìyẹn PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí lábù ń yẹ̀ wò) bíi 24. A fẹ́ kó dé 13, iye tó kù sì jẹ́ 5. Ẹ fi 60 lọ́nà 5, kí ẹ tún fi lọ́nà 2.4: ó di 720. Ẹ fi 500 kún un fún èyí tí ara máa fi pa mọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 1,220.

Ìgò Venofer kan, mílílítà 5, mílígíráàmù 100 ló wà nínú rẹ̀. Igba mílígíráàmù ni wọ́n lè fún un lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni pé ó máa lọ sí ilé ìwòsàn tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí méje. Ferinject máa gba 1,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Fún ẹni tó ń gbé ní Mọdákẹ́kẹ́, tó lè fẹsẹ̀ rìn dé kílíníìkì, Venofer kò burú. Ẹni tó ń ti Òṣú tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá ńkọ́? Kó ro owó ọkọ̀, kánúlà (rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ inú iṣan) tuntun ní gbogbo ìgbà àti ọjọ́ ọjà tó máa sọ nù. Ferinject tí wọ́n ní ó wọ́n lè wá di èyí tó rọjú jù. Ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ nítorí kíndìnrín, Venofer ni kó gbà. Ó kúkú ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí wọ́n ṣe po ó ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Omi iyọ̀ 0.9% nìkan ni kí wọ́n fi pò ó. Omi ṣúgà kò bá a lọ, kò sì sí oògùn mìíràn tó gbọdọ̀ wọ inú àpò kan náà. Igba mílígíráàmù Venofer kò gbọdọ̀ wọ inú omi tó ju mílílítà 200 lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí wọ́n sì fi fà á. Ferinject 1,000 kò gbọdọ̀ ju mílílítà 250 lọ, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15. Nọ́ọ̀sì tó da irin sínú àpò ńlá mílílítà 500 "kó má baà le jù" ti ṣe àṣìṣe: bí omi bá pọ̀ jù nínú oògùn yìí, kì í dúró dáadáa mọ́.

Kí wọ́n fi omi iyọ̀ lásán dán kánúlà wò kí irin tó wọlé. Bí irin bá jò sí abẹ́ awọ, àwọ̀ ilẹ̀ tó máa fi síbẹ̀ lè má lọ láéláé. Bí ibẹ̀ bá ń ta yín tàbí tó ń wú, ẹ pariwo kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ibi ìfaradà.

Ojú lè gbóná, àyà tàbí ẹ̀yìn lè fún èèyàn pọ̀ díẹ̀, láìsí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kí wọ́n dá a dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Bó bá rọlẹ̀, wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara wíwú, èémí tó ń há àti ìfúnpá tó ń já wálẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: adrenaline ló ń fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gún Piriton, oògùn ara yíyún. A ò fara mọ́ ọn, nítorí ó ń kunni lóorun, ó sì lè fa ìfúnpá wálẹ̀, a ò wá ní mọ èyí tó ń ṣe aláìsàn mọ́. Lẹ́yìn tó bá tán, ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ilé ìwòsàn tó bá ní kẹ́ ẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ já máàkì rẹ̀ wálẹ̀.

Ferinject ní àléébù kan tí Venofer kì í sábà ní: ó lè mú kí kíndìnrín máa da phosphate, èròjà tí egungun nílò, nù. Bí egungun bá ń dunni tàbí tí ara kò lókun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá fún ẹni tó ti gbà á léraléra, kí wọ́n yẹ phosphate wò.

PCV nìkan kò tó láti fi ra oògùn yìí. Ẹ ní kí lábù ṣe ferritin, àyẹ̀wò tó ń fi irin tí ara fi pa mọ́ hàn. Bó bá wà lábẹ́ 30, irin kò tó lóòótọ́. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, PCV 24 lè jẹ́ bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sí i lára sì lè ti kó irin jọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Dríìpù irin lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára. Kí dókítà ẹ̀jẹ̀ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kọ́kọ́ rí i, ní Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà. Aláboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kó dúró. Ẹni tí ibà tàbí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, kó gba ìwòsàn ìyẹn ná. Ẹni tí PCV rẹ̀ ti já sí 15, tí kò lè mí dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló nílò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni irin fi ń ṣiṣẹ́.

Bí wọn ò bá rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, omi inú ajere ni gbogbo rẹ̀. Ní agbègbè oko kòkó, àwọn tó ń rìn láìwọ bàtà lè ní aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀: albendazole 400 mg kò wọ́n. Nǹkan oṣù tó ń ya bí omi àti jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú tiwọn.

Ẹ má gbé hóró ferrous sulphate mì títí ọjọ́ márùn-ún á fi kọjá lẹ́yìn dríìpù tó kẹ́yìn. Kí ẹ tún PCV ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì má ṣe ferritin ṣáájú ìgbà náà, nítorí irin tuntun máa gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ.